Plymouth Duster 1973, ọdún méjì lọ́wọ́ mi: ọkọ̀ alágbára àkọ́kọ́ fún ẹni tówó rẹ̀ mọ níwọ̀n

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò ju 15,000 dọ́là lọ, mo sì ti pinnu pé mi ò ní yá kọ́bọ̀ kún un. Ohun tí mo ń wá ni ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní muscle car: ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́jọ, ohùn tó ń mi àyà ẹni tó bá dúró tì í. Ó ti pé ọdún méjì báyìí tí mo ra Plymouth Duster ti 1973, mo sì ti wà á ju máìlì 6,000 lọ ní Houston àti àyíká rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí n ra nǹkan mìíràn, n ó sì kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Bíi ti gbogbo ayé, Mustang àti Camaro ni ojú mi wà lára. Camaro 1969 tó mọ́ kọjá agbára mi pátápátá. Èyí tí owó mi ká nínú àwọn gbajúmọ̀, ọkọ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ti jẹrà ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ lọ wò, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí ẹ̀bi kì í ṣe ti ọkọ̀. Ó pupa fòò, ó ń dán bíi dígí. Ẹni tó fẹ́ tà á ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí n tó dé. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ti gbóná. Ìyẹn nìkan ti kọ mí lóminú, nítorí àìsàn ẹ́ńjìnnì máa ń hàn jù nígbà tó bá tutù. Mo yọ òòfà kékeré tí ìyàwó mi fi ń lẹ ìwé mọ́ fíríìjì lápò, mo fi aṣọ wé e kó má baà ha ọ̀dà. Lára ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ gbagba. Lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó lẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé òkè táyà ẹ̀yìn, ó já bọ́. Mo tún gbé e síbẹ̀, ó tún já bọ́. Ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mẹ́ta ni kò ti sí irin lábẹ́ ọ̀dà yẹn mọ́, kìkì ohun àlẹ̀mọ́ tí páńẹ́lì-bítà fi ń dí ihò ni. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ irin yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń wá ọkọ̀ báyìí gbọ́ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tú palẹ̀ kí a tún un ṣe, iye tí yóò náni kì í ṣòro mọ̀ ṣáájú. Irin tó jẹrà kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá ṣe ń gé e ni ẹ ó máa rí òmíràn. Duster kò ní ṣásí lọ́tọ̀, ara ọkọ̀ náà ni egungun rẹ̀. Dípò sípíríǹgì, irin gbọọrọ méjì ló gbé iwájú rẹ̀ ró, torsion bar ni wọ́n ń pè é, ó máa ń lọ́ díẹ̀ bí táyà bá kó sí kòtò, á sì tún pa dà. Inú irin ìdábùú tó wà lábẹ́ ìjókòó iwájú ni ìdí irin méjèèjì wà. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ìdábùú yẹn, ẹ má ṣe ra ọkọ̀ náà, ì báà jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún bí ìlù.

Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló là mí lójú. Ó ní, “Àbúrò, gbajúmọ̀ ni gbogbo yín ń lé. Ṣé o tiẹ̀ ti wo Duster?” Mi ò tíì wò ó rí. Ọdún 1970 ni Plymouth gbé e jáde. Valiant, ọkọ̀ kékeré tí ìdílé fi ń lọ ọjà, ni wọ́n mú. Wọ́n fi iwájú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ṣe ẹ̀yìn tuntun sí i, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì tó lágbára síbẹ̀. Ọgbọ́n tí Pontiac dá nígbà tó gbé GTO jáde ní 1964 náà nìyẹn: ẹ́ńjìnnì ńlá nínú ọkọ̀ tí kò tóbi. Duster tó ní ẹ́ńjìnnì 340, tó jẹ́ lítà 5.6, ni àwọn olówó ń jà sí báyìí. Èyí tó ní 318, tó jẹ́ lítà 5.2, kò sẹ́ni tó ń pariwo rẹ̀, òun sì ni tèmi.

Ohun kan tún wà tó ń jẹ́ kí owó rẹ̀ rọjú. Ìwé sọ pé 318 ti 1971 ní agbára ẹṣin 230, ti 1973 sì ní 150. Àwọn èèyàn á rí 150, wọ́n á sá. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ìwọ̀n ló yí pa dà. Tẹ́lẹ̀, ìhòòhò ni wọ́n ń wọn ẹ́ńjìnnì, láìsí sàlẹ́ńsà, láìsí àwọn ohun tó ń fà á lọ́wọ́ sẹ́yìn. Láti 1972 ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n tòun ti gbogbo ẹrù tó máa gbé nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi lórí tòtù kò mọ ìyàtọ̀ kankan tó tó 80 láàárín tèmi àti ti 1971 tí mo wà wò. Ti 1973 tiẹ̀ ní àǹfààní tirẹ̀: iná ìtanná rẹ̀ ti di ti ẹ̀lẹ́tíróníìkì, kò sí pé à ń fi ọwọ́ tún pọ́ìǹtì ṣe mọ́, tèmi sì ní bírékì dísìkì níwájú.

Bàbá mẹkáníìkì kan, Amẹ́ríkà dúdú tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, bá mi lọ wò ó. 150 dọ́là ni mo san fún un, n kò rí owó tí mo ná dáadáa tó o. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó da omi ìgò ńlá kan sí ihò atẹ́gùn tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ó ní kí n ká kápẹ́ẹ̀tì sókè níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ kí n máa wò. A dákẹ́. Omi náà ń jáde lẹ́yìn féńdà bó ṣe yẹ. Mo fọwọ́ pa ilẹ̀ ọkọ̀, ó gbẹ táútáú. “Ó dáa,” ni bàbá wí. Lẹ́yìn náà ló wá ka nọ́ńbà tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún mi: VL29G3. V dúró fún ìdílé Valiant, 3 fún 1973, G sì ni 318. H ló yẹ kó wà níbẹ̀ bó bá jẹ́ 340. Èèyàn lè pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kó sì fi orúkọ 340 lé owó, àmọ́ lẹ́tà yẹn kò ní yí pa dà.

13,000 ni wọ́n pè é. A dúnàá dúnàá dé 11,800. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó iwájú sì ti ya, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ní ti wíwà rẹ̀: bí mo bá tẹ̀ ẹ́ níbi tí iná tíráfíìkì ti fún wa lọ́nà, iwájú á gbé sókè díẹ̀, ohùn á jinlẹ̀, àyà mi á sì kún. Gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, mẹ́ta péré ni. Lórí ọ̀nà márosẹ̀, bí mo bá ti dé máìlì 70 ní wákàtí kan, ẹ́ńjìnnì á ti máa yí sún mọ́ ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, a ò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wa mọ́. Sítíárìn rẹ̀ le nígbà tí a bá ń páàkì. Epo gálọ̀nù kan kì í gbé mi ju máìlì 14 lọ. Kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, oṣù Ògọ́sì ní Houston kì í sì í ṣe ohun eré. Ìyàwó mi kì í bá mi wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò ní àpò atẹ́gùn tó ń gbani sílẹ̀ nígbà ìjàǹbá, nítorí náà mi ò fi gbé ọmọ lọ ilé ìwé.

Ẹ̀ẹ̀kan ló já mi sílẹ̀. Nílé epo ni, ìrọ̀lẹ́ oṣù Keje. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì tan. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, bákan náà ni. Mo pe bàbá, kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: ballast resistor ni, ohun amọ̀ funfun kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ògiri ẹ́ńjìnnì. Tí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́, iná kì í gba ibẹ̀ kọjá. Tí a bá fi í sílẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbà, torí náà bó bá jó, ọkọ̀ á tan, á sì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò tó 20 dọ́là. Méjì ló wà nínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀ báyìí pẹ̀lú síkúrúdíráífà.

2,700 dọ́là ni mo ti ná lé e lórí: táyà, ráàdíétọ̀, gbogbo rọ́bà bírékì, ìjókòó. Páàtì ẹ́ńjìnnì kò wọ́n rárá, nítorí láti 1967 ni Chrysler, ilé iṣẹ́ tó ni Plymouth, ti ń fi 318 sínú ọkọ̀ àti tírọ́ọ̀kù, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ ló ṣòro rí, ti Mustang pọ̀ jù ú lọ jìnnà. Inṣọ́ránsì ọkọ̀ àtijọ́ ni mo ṣe fún un, èyí tí a ti jọ fẹnu kò lórí iye tí wọ́n máa san bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ má ṣe gba ti ọkọ̀ ojoojúmọ́, torí ọkọ̀ ògbólógbòó tí kò níye lórí mọ́ ni wọ́n máa kà á sí.

Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ máa ní, ẹ má rà á. Bí ẹ bá ti ní èyí tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, tí ẹ sì ní ibi tí òjò kò ti ní í pa á, ẹ wá Duster 318, tàbí Dodge Dart Sport tó jẹ́ ìbejì rẹ̀, ẹ mú òòfà dání. Rọ́bà gíláàsì ẹ̀yìn tèmi ti ń sán. Òmíràn ti dé láti Ọjọ́bọ̀, èmi àti bàbá la máa pààrọ̀ rẹ̀ ní Sátidé.