Man, info, HTML àti PDF: èwo ló yẹ kó wà nínú package?

Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti ń lo Debian, ọ̀kan lára àwọn ètò Linux tó ń darí kọ̀ǹpútà, lórí kọ̀ǹpútà tèmi àti lórí àwọn sáfà (server) tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ẹni tó di package, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n dì jọ kí a lè fi sórí ẹ̀rọ, kó sínú rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ bóyá ó ro ti ẹni tó máa lò ó.

Man, ìyẹn ìwé ìtọ́sọ́nà tí a ń fi àṣẹ ṣí lórí ẹ̀rọ, ló wà lọ́kàn mi jù. Láti ọdún 1971 tí ìwé Unix àkọ́kọ́ ti jáde ló ti wà, síbẹ̀ mi ò tíì rí èyí tó yá tó o. O wà lórí sáfà tó jìnnà, terminal, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ, nìkan ló wà lójú rẹ. O tẹ man pẹ̀lú orúkọ àṣẹ, ó ṣí lójú ẹsẹ̀. O tẹ àmì / pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ò ń wá, ó gbé ọ débẹ̀. Bí o bá gbàgbé orúkọ àṣẹ pàápàá, man -k á bá ọ wá a. Ìsọ̀rí tí wọ́n pín in sí ni kò tètè yé mi: man crontab ń sọ bí a ṣe ń lo àṣẹ náà, tó ń fi iṣẹ́ sí àkókò, man 5 crontab (5 ni nọ́ńbà ìsọ̀rí) ń sọ bí a ṣe ń kọ fáìlì rẹ̀. Ọjọ́ tí mo mọ èyí, iṣẹ́ mi fúyẹ́.

Lóru ọjọ́ kan, mo ṣe àtúnṣe sí sáfà kan tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni sọ́fítíwíà kan bá kọ̀, kò gbéra mọ́. Mo ṣí man rẹ̀. Ìlà kan péré: ẹ lọ wo ìkànnì wa. Ìkànnì wo, níbi tí kò ti sí íntánẹ́ẹ̀tì? Mo wọ /usr/share/doc, fódà tí ìwé àwọn package máa ń wà, mo bá HTML, ìwé tí a ń fi aṣàwákiri kà, níbẹ̀, mo kó o sórí láptọ́ọ̀pù mi. Gbogbo ojú ewé rí wúruwùru, torí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa CSS rẹ̀, fáìlì tó ń ṣètò ìrísí ojú ewé, àpótí ìwádìí rẹ̀ ò sì dáhùn. PDF náà wà, ó gùn, mo sì wá ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ títí, mi ò rí i. Inú NEWS.Debian.gz, fáìlì tí wọ́n fi ń kéde ìyípadà pàtàkì nínú package, ni ìdáhùn wà. Mo fi zless ṣí i, mo rí i pé wọ́n ti yí orúkọ ìlà kan padà nínú fáìlì ìṣètò. Fáìlì kékeré yẹn ló jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Nítorí náà, mo fara mọ́ ìlànà Debian tó ní kí gbogbo àṣẹ ní man tirẹ̀. Ó tún ní kí ìwé tó gùn wà ní HTML, èyí náà dára, pàápàá fún ìwé tí orí kan ń tọ́ka sí òmíràn. Ṣùgbọ́n kí CSS àti àwòrán rẹ̀ bá a wá nínú package o.

PDF dára fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Lórí fóònù, ojú á máa ro ẹni tó ń kà á, kò sì bá terminal mu rárá. Mi ò ní kí wọ́n pa á tì, kí wọ́n ṣáà gbé e sínú package -doc tó dá dúró, tó wà fún ìwé nìkan.

Ó pẹ́ kí n tó gba ti info, ìwé ìtọ́sọ́nà mìíràn tí a ń kà nínú terminal, àwọn bọ́tìnnì n, p àti u tí a fi ń rìn nínú rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Àmọ́ ìwé àwọn GNU, àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, jinlẹ̀ níbẹ̀ ju inú man lọ. Texinfo tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sì ń mú info, HTML àti PDF jáde láti orísun kan ṣoṣo, ẹni tó ń di package lè mú èyí tó wù ú.

Mi ò bínú sí ẹ̀dà Debian (image) tí wọ́n ń pè ní slim, tó yọ man kúrò kí container, àpótí tí a ń dá ètò kan ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, lè kéré. Ta ló ń jókòó sínú container kàwé? Lórí ẹ̀rọ tí èèyàn ń jókòó tì ṣiṣẹ́ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tí ẹ bá sì yọ ìwé ńlá sínú -doc, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ package -doc náà sí ìsàlẹ̀ man, lábẹ́ SEE ALSO, níbi tó ti ń tọ́ka sí ìwé mìíràn.