Ká dín epo kù ni, àbí ká máa gbé kápúsù mì?

Màmá mi l'Ájàṣẹ́ ńbí ń gba abẹ́rẹ́ octreotide lọ́jọ́ 28 síra, torí tumọ̀ neuroendocrine (kókó tó ń hù látinú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mọ̀nù) tó wà nínú ìfun wọn. Abẹ́rẹ́ yẹn náà ló ń dá omi tó yẹ kó da ọ̀rá oúnjẹ dúró, ni ìgbẹ́ wọn bá ń funfun, tó ń léfòó.

A kọ́kọ́ dín epo kù. Kò náni lówó, inú rọ̀ díẹ̀, àmọ́ wọ́n ń rù ṣáá (ta ló tiẹ̀ fẹ́ jẹ àkàrà tí ò rí epo!).

Kápúsù pancreatin (èròjà tó ń bá ara da oúnjẹ) wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ń bá wọn da ọ̀rá náà, wọ́n sì ń jẹ ọbẹ̀ wọn. Ṣáà gbé e mì pẹ̀lú òkèlè àkọ́kọ́ o, tẹ́ ẹ bá jẹun tán kẹ́ ẹ tó lò ó, kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi ò padà sí ti àkọ́kọ́ mọ́, dókítà ló máa sọ iye tẹ́ ẹ máa lò.