Ilé ìkàwé yunifásítì fún ìwádìí nípa obìnrin: ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ má jókòó sójú kan

Ó ti lé lóṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti ń lo ilé ìkàwé yunifásítì fún ìwádìí mi lórí ìtàn àwọn agbẹ̀bí, mo ní kí n kọ ohun tójú mi rí sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé ẹlòmíì náà máa tó bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Ká sọ tòótọ́, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ yẹn, mi ò rí nǹkan gidi kan mú. Ṣẹ́ẹ̀fù HQ ni mo lọ dúró sí (lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ló ń sọ ibi tó wà, ìlànà Library of Congress ti Amẹ́ríkà nìyẹn), torí láti HQ1101 lọ lẹ máa bá ìwé nípa obìnrin (tó bá jẹ́ nọ́ńbà Dewey, ìlànà ìtòwé míì, ni láíbìrì tiyín ń lò, 305.4 ni kẹ́ ẹ wá), mo ń fa ìwé yọ mo ń dá a padà, ìwé lórí ìjà ẹ̀tọ́ obìnrin kún bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn agbẹ̀bí tèmi dà?

Àṣé wọ́n fọ́n ká ni. Ó yẹ kí wọ́n ti sọ èyí fún wa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a wọlé. Ìwé ìgbẹ̀bí wà ní RG láàárín àwọn ìwé ìṣègùn, lórí àjà mìíì pátápátá, èyí tó jẹ mọ́ obìnrin àti iṣẹ́ owó oṣù wà ní HD6050 síwájú lọ́dọ̀ àwọn tó ń ka ọrọ̀ ajé, òfin tó de àwọn agbẹ̀bí wà ní K, tí ìtàn ìgbésí ayé wọn míì sì há sáàárín ìtàn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá jókòó ti HQ nìkan, ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa kó lọ sílé.

Kátálọ́ọ̀gù náà, ìyẹn àkójọ orúkọ ìwé láíbìrì lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ní láti kọ́ èdè ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tá a ń sọ lẹ́nu kọ́ ló ń gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìwé lórí iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe, "Women—Employment" ni wọ́n kọ sínú ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa yàtọ̀. Fún tèmi, mo ń tẹ midwi* pẹ̀lú ìràwọ̀ yẹn níparí, ó ń kó midwife, midwives àti midwifery wá lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá sì ń wá inú ìwé ìròyìn àtijọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ wá a, "ladies", "female", torí ohun tí wọ́n ń kọ nígbà yẹn nìyẹn. Nígbà kan, "Women as physicians" ni àkọlé tí àwọn láíbìrì ń lò fún àwọn dókítà obìnrin, bí ẹni pé wọ́n kàn yá iṣẹ́ náà lò ni, kí wọ́n tó wá yí i sí "Women physicians". Inú bí mi nígbà tí mo mọ̀.

Jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ń kọ ìwádìí wọn sí, ńkọ́? Ibí yìí ni owó ilé ìwé ti sanra. GenderWatch wà, ibi tí wọ́n kó àpilẹ̀kọ nípa ọ̀rọ̀ obìnrin jọ sí lórí kọ̀ǹpútà, JSTOR tí wọ́n kó oríṣiríṣi jọ́nà sí náà wà, mo ka Feminist Studies láti 1972 àti Signs láti 1975 láìdìde lórí àga, àmọ́ ẹ rántí pé JSTOR kì í sábà ní ẹ̀dà ọdún mélòó kan tó kẹ́yìn nínú ọ̀pọ̀ jọ́nà, ẹ wá ìyẹn níbòmíì. Ohun tó ń dùn mí ni pé tí mo bá ti kúrò lọ́gbà, páswọ́ọ̀dù á máa lé mi síta, ìwé orí kọ̀ǹpútà míì sì wà tó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló lè ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, mo ti dúró di òru nítorí orí kan péré.

Àmọ́ ìyá tó wà nídìí tábìlì ìbéèrè, Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn. Mo ti ń wá lẹ́tà agbẹ̀bí kan fún ọjọ́ mẹ́rin, orúkọ ẹ̀ ò jáde rárá. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rí i o." Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti fi orúkọ ọkọ ẹ̀ wá a?" Rárá, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó jáde: àpótí ìwé ọkọ, orúkọ ọkọ, iṣẹ́ ọkọ, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ìyàwó. Wọ́n gba báàgì àti bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fún mi ní pẹ́ńsù (òfin iyàrá ìwé àtijọ́ nìyẹn, ẹ má bá wọn jà), mo ṣí àpótí, lẹ́tà obìnrin yẹn lé ní ogójì nísàlẹ̀, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi kọ ọ́, iye ọmọ tó gbẹ̀bí lóṣù, ta ló sanwó, ta ni ò san. Omi bọ́ lójú mi, mo yáa gbé orí sẹ́yìn kó má kán sórí ìwé.

Kí n tó kúrò lọ́jọ́ yẹn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ fi orúkọ ẹ̀ sí kátálọ́ọ̀gù. Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti wà níbẹ̀, orúkọ ẹ̀ gangan, pẹ̀lú "Midwives" lábẹ́ ẹ̀.