Bátànì gáùn oníbọ́tìnnì tí mo rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: èjìká rẹ̀ jókòó, apá rẹ̀ ló ń fúnni níṣẹ́

Ọjà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kì í ṣe aṣọ, kì í sì í ṣe maṣíìnì. Bátànì ni: fáìlì tí èèyàn máa sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí á fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde sórí ìwé, tí á lẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí á wá fi gé aṣọ nílé. Gáùn tó kọjá orúnkún díẹ̀ ni, bọ́tìnnì wà níwájú rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ní kọ́là, apá rẹ̀ dé ìgúnpá, dáàtì (ìṣẹ́po onígun tí wọ́n ń rán pa kí aṣọ lè yọ síta níbi ọmú) sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyà rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ń tà á, torí ibi tí màá ti yìn wọ́n wà, ibi tí màá ti bẹnu àtẹ́ lù wọ́n náà sì wà.

Èjìká mi kéré, àyà mi sì tóbi. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ mọ ìyà tó wà nínú aṣọ àrànsílẹ̀: èyí tó bá gba àyà, ojú èjìká rẹ̀ á ti ṣubú sápá; èyí tó bá jókòó léjìká, àárín bọ́tìnnì rẹ̀ á máa yanu. Ohun tó mú mi ra bátànì yìí dípò àwọn tó kù ni pé wọ́n ya iwájú aṣọ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún sáìsì kọ̀ọ̀kan, láti A dé D, bí ọmú oníkálukú bá ṣe tó. Kí ẹni tí kò ní sùúrù lè máa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: ohun tí wọ́n ṣe dáadáa jù nìyẹn, òun nìkan sì tó owó tí mo san.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé títẹ̀. Fáìlì mẹ́ta ni wọ́n ń fúnni: ti ìwé A4 fún ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nílé, ti ìwé ńlá A0 fún ẹni tó máa gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ àwòrán ńlá, àti ti àlàyé. Wọ́n ṣe é débi pé ẹ lè pa àwọn sáìsì tí ẹ kò fẹ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ ìlà tiyín nìkan ló máa jáde. Lójú tèmi, bátànì tí kò bá ní èyí ti pẹ́ láyé. Lójú ewé àkọ́kọ́, àpótí kékeré kan wà tó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 ní òró àti ní ìbú. Ojú ewé yẹn nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló máa ń fúnra wọn dín àwòrán kù kó lè bọ́ sínú ìwé, àfi tí ẹ bá yan 100%. Tó bá tẹ̀ ẹ́ ní 97%, ojú lásán ò ní rí i, ṣùgbọ́n aṣọ tó yẹ kí àyà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 100 á di 97, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì máa rò pé òun ti sanra.

Lílẹ̀ ẹ́ pọ̀ ni mo kórìíra. Ojú ewé A4 rẹ̀ ju ọgbọ̀n lọ, àmì tí wọ́n fi sí igun wọn sì kéré débi pé mo ní láti tẹjú mọ́ ọn. Ẹ má gé etí ìwé yíká. Apá ọ̀tún àti ìsàlẹ̀ nìkan ti tó. Ẹ lẹ ìlà kan tán kí ẹ tó so ó mọ́ ìlà kejì, torí tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wíwọ́ kékeré tó wà lókè á ti di ńlá kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ríbi tẹ A0 kó lọ tẹ A0.

Ọ̀rọ̀ sáìsì ló gba àlàyé. Àtẹ ìwọ̀n méjì ló wà nínú ìwé àlàyé wọn: ọ̀kan jẹ́ ìwọ̀n ara, èkejì jẹ́ ìwọ̀n aṣọ nígbà tó bá ti parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka èkejì, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń sọ bí aṣọ ṣe máa rí lára. Nínú sáìsì mi, aṣọ fi sẹ̀ǹtímítà 8 ju àyà lọ. Àyè tí èèyàn á fi mí, tí á fi nawọ́, tí á fi jókòó nìyẹn. Tí ẹ bá fẹ́ kó fún yín díẹ̀ sí i, àtẹ yìí lẹ máa fi mọ ibi tí ẹ lè dín in dé.

Ibi tí wọ́n ti gbọ́n ju àwọn yòókù ni pé wọn ò ní ká fi ibi tí ọmú ti yọ jù yan sáìsì. Òkè àyà ni wọ́n ní ká wọ̀n, níbi tí téèpù ti gba abẹ́ abíyá kọjá lókè ọmú. Tèmi jẹ́ 92 níbẹ̀, ó sì jẹ́ 102 níbi tó yọ jù. Ọ̀pọ̀ bátànì tó wà níta ni wọ́n yà fún ẹni tí ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 5. Tèmi jẹ́ 10. Tí mo bá fi 102 yan sáìsì bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, àyà á gbà mí lóòótọ́, àmọ́ ọrùn, èjìká àti ihò apá á jẹ́ ti ẹlòmíràn tó gbórin jù mí lọ. Mo fi 92 yan sáìsì, mo wá mú iwájú aṣọ ti D. Nígbà tí mo dán an wò, ojú èjìká jókòó sórí egungun gan-an, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn.

Kí ọdún 1863 tó dé, tí télọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Ebenezer Butterick, bẹ̀rẹ̀ sí í ta bátànì oníwèé tó ní oríṣiríṣi sáìsì, ẹni tó bá ra bátànì ló máa ń fúnra rẹ̀ fẹ̀ ẹ́ tàbí kó dín in kù. Ní ti àyà, ọ̀pọ̀ wa ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Tí bátànì tiyín kò bá ní A dé D, ẹ máa ní láti la iwájú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ gba orí ọmú lọ sí ihò apá, kí ẹ sì la àárín dáàtì náà wá pàdé rẹ̀, kí ẹ wá ya á sọ́tọ̀. Ẹ rántí pé ìdajì iwájú ni bátànì jẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ fi 5 kún àyà, 2.5 ni ẹ máa yà á, torí ọ̀tún àti òsì ló máa gbà á. Dáàtì á fúnra rẹ̀ fẹ̀ sí i, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó rán ti ìdánwò, láìsí kọ́là, láìsí bọ́tìnnì, pínnì ni mo fi pa iwájú rẹ̀ dé. Ojú ìhunjọ ni kí ẹ máa wò lórí aṣọ ìdánwò: ibi tí ìhunjọ bá ń tọ́ka sí ni aṣọ ti há, ibi tó bá rọ̀ wọ̀ọ̀, aṣọ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Iwájú tèmi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Aṣọ ká jọ lókè ìdí mi ní ìṣẹ́po kan gbọọrọ, torí ẹ̀yìn mi wọnú níbẹ̀. Mo fi pínnì mú ìṣẹ́po yẹn, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5 láàárín, ó ń kéré lọ títí ó fi parẹ́ ní ẹ̀gbẹ́. Mo yọ ọ́ kúrò lára bátànì ẹ̀yìn, gáùn náà sì bọ́ sílẹ̀ geerege. Ìwé àlàyé wọn kò sọ gbólóhùn kan nípa ẹ̀yìn. Ilé iṣẹ́ tó lè ya iwájú mẹ́rin kò yẹ kó gbàgbé pé èèyàn lẹ́yìn.

Gígé kò ní wàhálà. Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e, bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tó bá di gáùn, torí òwú máa ń súnkì. Ẹ wọn ọfà tó wà lára bátànì, èyí tó ń fi ibi tí òwú aṣọ gbọ́dọ̀ dojú kọ hàn, sí etí aṣọ ní òkè àti nísàlẹ̀; tí méjèèjì ò bá dọ́gba, gáùn á lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó bá yá. Sẹ̀ǹtímítà 1.5 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ojú rírán, ó sì ti wà nínú bátànì.

Apá ni kí ẹ gbára dì fún. Mo wọn orí apá, mo wọn ihò tó máa wọ̀, orí apá fi sẹ̀ǹtímítà 4.5 gùn jù ú lọ. Aṣọ tó rọ̀ lè gbé ìyẹn mì. Òwú tó le, tí wọ́n sì hun pinpin, kò ní gbà. Á máa hunjọ kọ́ńbọkọ̀ńbọ lórí èjìká bí i gáùn ọmọ ọwọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ju "ẹ rán apá mọ́ ọn" lọ. Ìránṣọ gígùn-gígùn ìlà méjì, tí ìgbésẹ̀ abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 0.4 tàbí 0.5, ni kí ẹ kọ́kọ́ rán sí orí apá, kí ẹ rọra fa òwú rẹ̀ títí tó fi bá ihò mu, kí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù olóoru pa á mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé e sídìí maṣíìnì. Fún aṣọ líle, ẹ fi ìṣẹ́po tín-ínrín kan dín orí apá kù lára ìwé, ìyàtọ̀ yẹn á wá sún mọ́ 2.5. Ohun tí mo ṣe nìyẹn, ó sì jókòó.

Dáàtì wọn dára. Ẹnu rẹ̀ parí ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 kó tó dé orí ọmú, nítorí náà kì í ṣe ṣóńṣó. Ẹ má rán àtúnrán sí ẹnu rẹ̀ o, ẹ so òwú rẹ̀ ní kókó.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì tún kù. Wọ́n pín àyè wọn dọ́gba látọrùn wá, orí ọmú mi wá bọ́ sáàárín méjì, níbi tí aṣọ ti máa ń yanu gan-an. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀kan sí, mo wá wọn àwọn yòókù lókè àti nísàlẹ̀ látibẹ̀.

Tó bá jẹ́ aṣọ tó ń nà ni ẹ fẹ́ rán, ẹ má ra èyí. Wọ́n yà á fún aṣọ tí kì í nà, àyè 8 yẹn á sì jẹ́ kó dà bí ẹ̀wù ẹlòmíràn lára yín. Ẹni tí kò tíì rán kọ́là rí lè kọ́kọ́ yọ kọ́là kúrò, ọrùn rẹ̀ ṣe é rán bẹ́ẹ̀. Tèmi tó kàn ni aláwọ̀ búlúù, apá ìwé tí mo ti dín kù yẹn ni màá sì fi gé e.