Másítàs Marketing Communications: Ìlú Ọba, Nàìjíríà, àbí Ìwé-Ẹ̀rí Iṣẹ́?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ Marketing Communications lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́, ọjà mẹ́ta ló sábà máa ń bá pàdé: másítàs ọlọ́dún kan ní Ìlú Ọba, másítàs ní yunifásítì Nàìjíríà, àti ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ irú èyí tí CIM, ẹgbẹ́ àwọn onímákẹ́tìn ní Ìlú Ọba, ń fúnni. Àwọn tó ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ohùn dídùn. Kò yani lẹ́nu, ìpolówó ọjà kúkú ni wọ́n ń kọ́ èèyàn. Ìbéèrè tí mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò kò ju ẹyọ kan lọ: nínú tíọ́rì àti iṣẹ́ gan-an, èwo ni ẹ kò tíì ní? Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́fà níléeṣẹ́ ìpolówó ní Ìkẹjà kò wá ohun kan náà pẹ̀lú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kákí NYSC sílẹ̀.

Owó àti àkókò

Ká kọ́kọ́ gbé èyí kúrò ńlẹ̀. Ní Ìlú Ọba, owó ilé-ìwé fún ẹni tó ti òkè òkun wá máa ń tó nǹkan bíi £16,000, ó sì ń kọjá £25,000 láwọn yunifásítì tí orúkọ wọn ń dún. A ò tíì kan owó tí ìjọba wọn fẹ́ rí nínú àkáǹtì kí wọ́n tó fúnni ní físà: £1,529 lóṣù fún Lọ́ńdọ̀nù, £1,171 fún ibòmíì, fún oṣù mẹ́sàn-án, kí owó náà sì ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko. Owó ìtọ́jú ìlera £776 lọ́dún tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti oṣù Kìn-ín-ní 2024, ẹni tó ń lọ ṣe másítàs oníkíláàsì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́. Abiyamọ tó ní ọmọ ọdún méjì nílé, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kì í ṣe orí owó ilé-ìwé.

Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Àwọn tó san ìdajì owó kí náírà tó já, tí wọ́n fi ìdajì kejì síwájú, mọ ohun tójú wọn rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń gbé ní England tẹ́ ẹ sì ti ní ìwé ìgbélùú títí láé, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀: iye tí ọmọ onílùú ń san ni ẹ máa san, ìjọba sì ní owó ẹ̀yáwó másítàs tó lé ní £12,000.

Ní Nàìjíríà, owó yunifásítì ìjọba kò ṣeé fi wé ìyẹn rárá. Àkókò ni ẹ ó fi san ìyókù. Ìyanṣẹ́lódì ASUU 2020 bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, ó di oṣù Kejìlá kó tó parí. Ti 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti 14 oṣù Kejì sí 14 oṣù Kẹwàá. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni bíi Pan-Atlantic ní Èkó kò sí nínú ìyẹn, àmọ́ owó tiwọn ga. Ní ti CIM, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó máa san, abala kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹ kò sì ní fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Tíọ́rì kan náà, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tíọ́rì òyìnbó pọ̀ ju tilé lọ. AIDA, àlàyé pé oníbàárà máa ń kọ́kọ́ kíyè sí ọjà, kó nífẹ̀ẹ́ sí i, kó wù ú, kó tó wá rà á, ti wà láti ìparí ọ̀rúndún 19: ó wà ní Àkọkà, ó wà ní Bournemouth ní Ìlú Ọba. Àtẹ̀gùn Lavidge àti Steiner ti 1961, tó ń ka ìpele tí oníbàárà ń gbà láti ìgbà tó bá mọ ọjà títí tó fi rà á, wà níbi méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni èrò pé kí gbogbo ọ̀nà tí iléeṣẹ́ ń gbà bá oníbàárà sọ̀rọ̀ máa fohùn ṣọ̀kan, èyí tí Don Schultz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Northwestern, Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni ohun tí wọ́n ní kí ẹ fi tíọ́rì ṣe. Ẹ wo ti Petty àti Cacioppo, tó ní ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ ń gbà yí èèyàn lọ́kàn padà. Bàbá tó fẹ́ ra ínfátà máa béèrè irú bátìrì tó wà nínú rẹ̀, ọdún mélòó ni wọ́n fi dúró fún un, ta ló máa tún un ṣe. Bàbá yẹn kan náà, bó bá fẹ́ mú núdù lórí igbá, orin tí ọmọ rẹ̀ ń kọ nínú ilé ló máa darí ọwọ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹ ó ṣàlàyé èyí nínú gbọ̀ngàn ìdánwò láàárín wákàtí mẹ́ta. Ní Ìlú Ọba, wọ́n á ní kí ẹ mú iléeṣẹ́ kan, kí ẹ kọ ètò ìpolówó rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 3,000, kí ẹ sì fi owó sí ìdí gbogbo rẹ̀: èló fún rédíò, èló fún Instagram, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́. Èyí kejì sún mọ́ iṣẹ́ jù.

Síbẹ̀, mi ò ní fi tilé ṣeré. Ẹ̀ka Mass Communication ni ẹ̀kọ́ yìí sábà máa ń wà lọ́dọ̀ wa. UNILAG ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ yẹn láti 1966, Ìbàdàn sì ní Communication and Language Arts. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹnu àwọn ẹni iyì àdúgbò dé etí aráàlú, àti bí ìwé ìròyìn ṣe ń pinnu ohun tí ìlú ń jíròrò lé lórí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìpolongo abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ti ìjọba nílò ìyẹn ju bí wọ́n ṣe ń ta bàtà lọ. Ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà fún un. Ní ti CIM, tíọ́rì rẹ̀ tín-ínrín. Ìwọ̀nba tó wúlò fún ètò ni.

Iṣẹ́ gan-an

Ibí ni mo ti máa ń rí i pé àwọn èèyàn kì í béèrè tó. Ní Ìlú Ọba, ASA, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó láti 1962, sábà máa ń dá sí ìpolówó lẹ́yìn tó bá ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti tẹlifíṣọ̀n ń kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ Clearcast, iléeṣẹ́ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, kọjá. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ARCON, àjọ ìjọba tó ń darí iṣẹ́ ìpolówó, ní láti fọwọ́ sí i kó tó jáde rárá. Láti 1 oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n ti ní kí ẹnikẹ́ni má lo ojú tàbí ohùn àjèjì nínú ìpolówó tí wọ́n ń ṣe fún ọjà Nàìjíríà. Kò sí másítàs Lọ́ńdọ̀nù tó máa kọ́ yín ní èyí. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin tó dá ARCON sílẹ̀ ní 2022 láti rọ́pò APCON, àjọ tó wà tẹ́lẹ̀, kò ka dìgírì òkè òkun sí ìforúkọsílẹ̀. Ẹ ó ṣì lọ forúkọ sílẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ra àkókò orí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú iye òǹwòran láti ọ̀dọ̀ BARB àti iye olùgbọ́ láti ọ̀dọ̀ RAJAR. Ó dùn mọ́ni. Àmọ́ ẹ padà dé Ìbàdàn, kí wọ́n ní kí ẹ pín owó ìpolówó ọṣẹ sórí rédíò mẹ́rin, ẹ ó rí i pé ẹni tó mọ ètò tí àwọn ìyálọ́jà Bódìjà ń gbọ́ láàárọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ yòówù kẹ́ ẹ bá ń wò, ẹ bi wọ́n pé iléeṣẹ́ wo ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ fún lọ́dún tó kọjá, kí ni wọ́n sì gbé síwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ, ó dáa. Bó bá jẹ́ "a ní àjọṣe tó dán mọ́rán" ni wọ́n wí, ẹ kọjá lọ. Ẹ tún béèrè bóyá másítàs náà á yọ yín kúrò nínú díẹ̀ lára ìdánwò CIM. Ọ̀pọ̀ ní Ìlú Ọba ló ní àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ta ni kó ra èwo

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò tíì ṣiṣẹ́ rí: ẹ wá iṣẹ́ ná, ẹ fi CIM ìpele 4 tàbí 6 tì í lẹ́yìn. Másítàs tí ẹ kò ní ìrírí kankan láti fi gbọ́ ọ á kàn gba etí kejì jáde ni. Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ yunifásítì, ẹ dúró nílé, ẹ wá alábòójútó tó ń parí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lásìkò, nítorí Ph.D. ṣì ń bọ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún sókè, tó sì ní owó náà láìyá á, Ìlú Ọba máa wúlò fún un dáadáa. Ṣùgbọ́n kó má fi iṣẹ́ òyìnbó nìkan ṣe ìdí: ẹni tó bá béèrè fún físà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ láti 1 oṣù Kìn-ín-ní 2027, oṣù 18 ni wọ́n máa fún un, kì í ṣe ọdún méjì tí wọ́n ń fúnni tẹ́lẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ Ìlú Ọba lẹ yàn, kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀, ẹ béèrè pé bí wọn kò bá fún yín ní físà, èló ló ń padà, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó, àkáǹtì ta ló sì ń wọ̀? Kí ìdáhùn náà wá nínú ímeèlì láti ọ́fíìsì yunifásítì fúnra rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu ajẹ́ńtì.