Orin tí wọ́n kọ nígbà ogun: àwọn olórin gbìyànjú, àwọn tó ṣètò ẹ̀ ni mo bá lẹ́jọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé báwo ni kọ́nsáàtì yẹn ṣe rí, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n tètè kọ ọ́. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, àwọn olórin yẹn mọ iṣẹ́ wọn dójú àmì, àwọn tó ṣètò ẹ̀ ni mo bá lẹ́jọ́. Mo fún àwọn olórin ní 8 nínú 10, àwọn olùṣètò gba 4, kí wọ́n sì tún dúpẹ́.

Ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé ni o, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ka pépà lórí ogun àti ìrántí, alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n wá fi orin sí, orin mẹ́ta tí wọ́n kọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kì í ṣe ti ẹgbẹ́ olórin ńlá tẹ́nì kan máa dúró níwájú tí á máa ju ọwọ́, èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń ṣe orin kọ̀ọ̀kan, ojú ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tẹ́nì kan bá fà sẹ́yìn díẹ̀ gbogbo wọn á fà sẹ́yìn. Mo fẹ́ràn irú ẹ̀ gan-an torí kò síbi téèyàn lè sá pamọ́ sí, tọ́wọ́ ẹ bá ṣì í gbogbo ilé ló gbọ́.

Ìgbà tá a jókòó tán, ọ̀jọ̀gbọ́n kan dìde, wọ́n ní ìṣẹ́jú 5 ló máa fi ṣe ìfáárà. Ìṣẹ́jú 35 ni bàbá lò! Ohùn tó fi ń sọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ ẹ máa rò pé ìsìnkú la wá, orúkọ kan ò jáde lẹ́nu ẹ̀ kó má fi "ó ṣeni láàánú" sí i, ó ti ń sunkún sílẹ̀ dè wá kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ó tún wá gbé ìtàn sẹ́lò oníwáyà mẹ́ta yẹn jáde (sẹ́lò ni fáólíìnì ńlá tí wọ́n ń jókòó ta, wáyà mẹ́rin ló máa ń ní). Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Olivier Messiaen, ará Faransé táwọn Jámánì mú lójú ogun ní 1940, àgọ́ Stalag VIII-A ní Görlitz ni wọ́n kó o lọ, ibẹ̀ ló ti kọ orin ẹ̀ fún òpin àkókò, ẹ̀ṣọ́ Jámánì kan tó ń jẹ́ Brüll ló ń bá a wá bébà àti pẹ́ńsù, inú àgọ́ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é, 15 January 1941, òtútù ń pa gbogbo wọn. Messiaen fúnra ẹ̀ ló wá ń sọ lẹ́yìn ogun pé èèyàn 5,000 ló gbọ́ ọ, pé wáyà mẹ́ta péré ló wà lára sẹ́lò. Étienne Pasquier tó wà nídìí sẹ́lò ọ̀hún gan-an ní kò rí bẹ́ẹ̀, mẹ́rin ni wáyà òun, ilé onípákó tí wọ́n sì ti ṣe é ò lè gba ju èèyàn bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Níbi ìpàdé àwọn tó máa ń ní kí ọmọ iléèwé sọ ibi tó ti rí gbogbo gbólóhùn tó bá kọ, ọ̀jọ̀gbọ́n sọ 5,000, ó sọ wáyà mẹ́ta, gbogbo ilé ń mirí, èmi nìkan ni mò ń wo òkè àjà.

Orin àkọ́kọ́ ni ti Shostakovich, ará Rọ́ṣíà, ti 1944, píánò, fáólíìnì àti sẹ́lò. Ivan Sollertinsky, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tímọ́tímọ́, ló kú lójijì ní February ọdún yẹn ní Novosibirsk, òun ló fi orin náà rántí. Sẹ́lò tó yẹ kó máa kùn nísàlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ dá gòkè lọ, ohùn ẹ̀ á tín-ín-rín bí ìgbà téèyàn ń súfèé látòkèèrè, fáólíìnì á wá wọlé sísàlẹ̀ ẹ̀, ayé dojú rú nìyẹn. Ohùn kejì já mọ́ ọmọkùnrin tó wà nídìí sẹ́lò lọ́wọ́, mo rí i bó ṣe di ojú, ṣùgbọ́n ó tún un mú, kò sì já mọ́. Apá kẹta, píánò á gbé kọ́ọ̀dù mẹ́jọ kalẹ̀, wúwo, á tún wọn gbé, ìgbà mẹ́fà ló máa yí i ká. Àtibẹ̀ ló ti já sínú ijó àwọn Júù, ijó kan tó ń dẹ́rù bani, ẹsẹ̀ ń jó, ojú ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe é dáadáa. Wọ́n kàn sáré díẹ̀ níparí ni.

Èyí tí mo torí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí ni ìkejì. Gideon Klein, ọmọ Czech, Júù, ọmọ ọdún 24. Terezín ni wọ́n kó o sí láti December 1941, ìlú olódi táwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, sọ di àgọ́, àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀ ń kọrin ní bòókẹ́lẹ́ ni, nígbà tó yá àwọn Násì ní kí wọ́n máa ṣe é ní gbangba, kì í kúkú ṣe torí pé wọ́n fẹ́ràn orin, wọ́n fẹ́ fi han ayé pé kò sóhun tó ń ṣe àwọn èèyàn yẹn ni, Red Cross wá síbẹ̀ ní June 1944 wọ́n kun ilé dè wọ́n. Ọjọ́ 7 October 1944 ni Klein parí orin ẹ̀ fún fáólíìnì, fíólà (ó fi díẹ̀ tóbi ju fáólíìnì lọ) àti sẹ́lò. Ọjọ́ 16 October wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Auschwitz, àgọ́ táwọn Násì ti ń pa èèyàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló wà láàárín. January 1945 ló kú ní Fürstengrube, àgọ́ iṣẹ́ àfipáṣe.

Mo mọ ìtàn yìí kí n tó lọ, ọ̀jọ̀gbọ́n náà sì ti fi bọ́ wa yó, gbogbo wa ti fa ojú ro, a ti múra ẹkún. Orin yẹn wá bẹ̀rẹ̀, àfi bí ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ níléèwé! Ó ń fò, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀, ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara ẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, obìnrin kan tó ti di háńkáṣífù mú ò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe mọ́, ó ká a, ó dá a padà sínú báàgì. Apá kejì ló gùn jù, orin ìbílẹ̀ àwọn ará Moravia, ibi tí wọ́n ti bí i, ló mú tó ń yí aṣọ fún un, ó wọ ti ìbànújẹ́, ó bọ́ ọ, ó wọ ti ìbínú, ó tún bọ́ ọ, fíólà gbé e, sẹ́lò gbà á, síbẹ̀ ẹ ṣì ń dá orin yẹn mọ̀ nísàlẹ̀ bí ìgbà tẹ́ ẹ bá rí ọmọ yín láàárín ọjà. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé ọ̀pá fáólíìnì kàn ń fara kan wáyà lásán, mo ń gbọ́ èémí ọmọbìnrin tó ń ta á ju orin lọ. Ṣùgbọ́n orin náà ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó káàánú òun o. Ohun tí mo bá ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn jà lé lórí nínú ọkàn mi nìyí: ó ṣe Klein bí òkú fún ìṣẹ́jú 35, ọmọ yẹn wá jáde pẹ̀lú ijó.

Lẹ́yìn ìsinmi ni Messiaen, kíláríńẹ́ẹ̀tì (irú fèrè kan), fáólíìnì, sẹ́lò àti píánò, bí ìṣẹ́jú 50, apá mẹ́jọ. Apá kẹta, kíláríńẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà níbẹ̀. Ohùn kan wà tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò sí nǹkan kan, á máa wú díẹ̀díẹ̀ títí á fi kún ilé. Gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n lò, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń kùn lórí wa látàárọ̀, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ohùn ẹ̀rọ yẹn àti ti kíláríńẹ́ẹ̀tì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu! A ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan sáré dìde láti lọ pa á, kò rí rìmóòtù, ó ń ti orí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, obìnrin tó ń fọn ọ́n sì ń fọn ọ́n lọ, iṣan ọrùn ẹ̀ yọ, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ẹ̀rọ náà wá dákẹ́ láàárín kan, ohùn yẹn sì dá dúró lófuurufú. Mi ò lè bínú sí wọn lórí ìyẹn mọ́.

Apá kẹfà, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ń gbè, ó le bí irin. Wọ́n bára wọn dé ìparí láìtàsé, ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Níparí gbogbo ẹ̀, fáólíìnì ń gòkè lọ, píánò ń mí nísàlẹ̀, ohùn ìkẹyìn ò tíì kú tẹ́nì kan ti bú sí àtẹ́wọ́. Alága ìjókòó wá gba máìkì, ó ní ta ló ní ìbéèrè. Ìbéèrè kẹ̀! Ẹnì kan dìde, ó ní òun ò ní ìbéèrè, òun kàn fẹ́ fi kún un ni. Mo mú báàgì mi.

Lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti bá ọmọkùnrin tó ta fíólà pàdé. Orin Shostakovich ò lo fíólà, ti Messiaen ò lo fíólà, ìṣẹ́jú bí 13 ti Klein nìkan ló wá ṣe, ó wá jókòó ti àpótí ẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn títí gbogbo ẹ̀ fi parí. Mo ní ṣé kò rẹ̀ ẹ́. Ó ní rárá o, ó ń wa síìpù àpótí ẹ̀, ó sì ń fi imú kọ orin Moravia yẹn.