Ẹ na téèpù sí túùbù lésà kí ẹ tó sanwó o! Gbájúẹ̀ ti wà n'Ìkòròdú

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé perspex (ike líle tó ń dán bí ìgò), ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe pátákó ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbọ́ o. ₦1,450,000 ni mo kà fún oníṣòwò kan lọ́nà Ṣàgámù níbí, fún ẹ̀rọ lésà CO2, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gé nǹkan. Ó pe agbára ẹ̀ ní 60W. Irọ́ gbuu! 40W ni, 40W tó ti gbó.

Sítíkà 60W wà lára ẹ̀ gàdàgbà. Nígbà tí mo tú ìdérí ẹ̀yìn, mo na téèpù sí túùbù, ìgò gígùn tí ìmọ́lẹ̀ lésà ti ń jáde: sẹ̀ǹtímítà 70 géérégé. Túùbù 60W a máa gùn tó mítà kan, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 70! Téèpù yẹn sì wà lápò mi lọ́jọ́ tí mo lọ rà á. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Àmọ́ síkúrù mẹ́fà ló fi de ìdérí yẹn, ó ní tí mo bá tú u pẹ́nrẹ́n, kò sí wáráǹtì mọ́. Kí ni kí n ti ṣe?

Ó gé plywood 3mm lójú mi, ó já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mítà tó ń ka iná tó ń wọ túùbù (mA ni wọ́n fi ń kà á) ló yẹ kí n fiyè sí: abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà lórí 23 mA! Túùbù 40W tó bá ti kọjá 18, ńṣe lẹ ń pa á díẹ̀díẹ̀. Yìnyín ló tún dà sínú omi tó ń tù ú lára, torí bí omi bá ti tutù tó ni agbára lésà ń pọ̀ tó. Ọgbọ́n jìbìtì pátápátá.

Nílé, ìgbà mẹ́rin ni mo gba orí perspex 3mm kó tó já. Etí tó yẹ kó dán bí ìgò rí jágajàga, ibi tí mo gé sì yọ́, ó tún lẹ̀ mọ́ra. Mo pè é, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n lò.” Èmi! Mo ti nu lẹ́ńsì. Mo lẹ téèpù bébà sójú ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń wọlé lórí ẹ̀rọ, mo yìnbọn lésà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: ojú kan náà ló jó. Nínú àwọn dígí tó ń darí ìmọ́lẹ̀, ìkankan ò yẹ̀. Túùbù ló kú.

Ẹ gbé perspex yín dání lọ, kí wọ́n gé e ní 15 mA, pẹ̀lú omi lásán, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ẹ tó wọn túùbù, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ ní sùúrù kí iná tó kù nínú ẹ̀ tán. Iná inú ẹ̀ lé ní 15,000 volt, ó ń pààyàn.

Àwọn tó ń ta lésà onímọ́lẹ̀ búlúù, tí kì í ṣe CO2, pé ó jẹ́ 40W náà ńkọ́? Iná tó ń jẹ ni wọ́n ń kà, ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lè má ju 5W tàbí 10W lọ, kò sì lè gé perspex tó mọ́ gaara, ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá. Mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́. Títí di òní, oníṣòwò tó ta tèmi fún mi kò dá kọ́bọ̀ padà.